Paneer paratha: bí ẹ ṣe máa ṣe é tí inú ẹ̀ ò fi ní tú síta, tí ò sì ní mu òróró yó

Paratha ni búrẹ́dì pẹrẹsẹ àwọn ará Íńdíà, paneer sì ni wàrà wọn tá a máa dì sínú ẹ̀. Ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ṣáá: kí ló dé tí paneer mi máa ń tú síta tí mo bá ti gbé igi tá a fi ń tẹ́ fláwà lé e? Àwọn míì ní tàwọn ò tú, ó kàn gan ni, tó bá ti tutù báyìí eyín ò ràn án mọ́. Àwọn kan sì wà tí dókítà ti ní kí wọ́n rọra ṣe pẹ̀lú òróró, wọ́n wá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣì lè máa fi paratha panu nírọ̀lẹ́. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Mo máa to gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́sẹẹsẹ, kẹ́ni tó bá tún bi mí kí n kàn tọ́ka sí i.

Kí n tètè sọ ọ́: omi ló ń da paratha rú. Omi tó pọ̀ jù nínú paneer, omi tó kéré jù nínú fláwà. Tẹ́ ẹ bá ti mú méjèèjì yìí, ìyókù ò le.

Èyí tá a fẹ́ ṣe ni irú èyí tí wọ́n ń ṣe nílé ní Punjab àti Delhi, tí wọ́n ń yan lórí tawa, ìyẹn páànù pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì wọn. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà ní Paranthe Wali Gali ní Old Delhi, tí wọ́n ń dín nínú ghee gbígbóná, ìyẹn bọ́tà tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì sẹ́, kì í sì í ṣe ti àwọn búkà etí títì Murthal ní Haryana tí wọ́n máa ń gbé bọ́tà funfun gàǹgà lé lórí. Àwọn yẹn dùn o, mi ò ní parọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká má pè wọ́n ní oúnjẹ aṣaralóore.

## Ẹ kó nǹkan sílẹ̀ ná

Èyí máa fún yín ní paratha 6.

Fún fláwà:
- Atta ife 2, bíi gíráàmù 250. Atta ni fláwà àlìkámà tí wọ́n lọ tèèpo-tèèpo tó sì kúnná
- Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, bíi mìlílítà 160 sí 180
- Iyọ̀, ìlàjì ṣíbí tíì
- Òróró, ṣíbí tíì 1
- Ajwain (hóró èròjà olóòórùn kan táwọn ará Íńdíà ń lò), ìlàjì ṣíbí tíì, tẹ́ ẹ bá rí i. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ fò ó

Fún inú ẹ̀:
- Paneer, gíráàmù 250
- Jínjà tẹ́ ẹ ti rin, ṣíbí tíì 1
- Ata tútù 1 tàbí 2, kẹ́ ẹ gé e wẹ́wẹ́wẹ́
- Ewé coriander gígé, ṣíbí ńlá 3
- Cumin (hóró èròjà olóòórùn) tẹ́ ẹ yan tẹ́ ẹ sì lọ̀, ìlàjì ṣíbí tíì
- Garam masala (àpòpọ̀ èròjà lílọ̀ ti àwọn ará Íńdíà), ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì
- Amchur, ìlàjì ṣíbí tíì
- Iyọ̀, ìlàjì ṣíbí tíì, àmọ́ ẹ má tíì fọwọ́ kàn án

Fún yíyan ẹ̀: ghee tàbí òróró, ìlàjì ṣíbí tíì fún paratha kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ìlàjì. Ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí ẹ máa fi kùn ún, torí tẹ́ ẹ bá ń da òróró láti inú ìgò, ọwọ́ yín ò ní mọ ìwọ̀n láéláé.

Ẹ tún máa nílò páànù tí ìdí ẹ̀ nípọn, igi roboto tá a fi ń tẹ́ fláwà míìtì páì, gírétà, àti aṣọ mímọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Nípa amchur yìí: máńgòrò tútù ni wọ́n gé, wọ́n sá a, wọ́n lọ̀ ọ́, òun ló ń fún inú ẹ̀ ní kíkan. Ọ̀pọ̀ yín lẹ máa ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ rọ́pò ẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà yín ti ń bẹ̀rẹ̀, torí omi ni ọsàn, amchur gbẹ. Tẹ́ ẹ ò bá rí amchur, ẹ fi kíkan náà sílẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ máa rí i nínú yógọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ máa fi jẹ ẹ́.

Nípa atta: ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Houston, ẹ ò ní wàhálà, ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà wà káàkiri. Ní Èkó, ẹ wo apá Ìlúpéjú táwọn ará Íńdíà pọ̀ sí. Tí kò bá sí, fláwà wheat tá a fi ń ro òkèlè náà lè ṣe é, àmọ́ ó máa ń ṣe hóró-hóró, èèpo inú ẹ̀ sì tóbi tó láti já fláwà yín lójú. Torí náà ẹ fi asẹ́ tó dí dáadáa jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ wá fi fláwà funfun díẹ̀ kún un, bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Fláwà funfun nìkan ńkọ́? Ó máa ṣeé ṣe, ó sì máa rọ̀, àmọ́ ó máa ń súnkì padà tẹ́ ẹ bá ń tẹ́ ẹ, fáíbà inú ẹ̀ ò sì tó nǹkan, a ò wá lè máa pariwo pé oúnjẹ ìlera la ń ṣe.

## Paneer: ríra tàbí ṣíṣe

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ yí páálí ẹ̀ padà kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn. Mílíìkì àti nǹkan kíkan tí wọ́n fi mú un dì ló yẹ kó wà níbẹ̀, iyọ̀ díẹ̀ náà ò burú. Tẹ́ ẹ bá rí òróró ewébẹ̀ níbẹ̀ tàbí tí wọ́n kọ analogue sí i, kì í ṣe paneer gidi, ayédèrú tó fara jọ ọ́ ni, ó sì pọ̀ lọ́jà ní Íńdíà fúnra ẹ̀. Èyí tó ti dì nínú fírísà, ẹ jẹ́ kó yọ́ tán pátápátá, ẹ fún omi ẹ̀ dànù kẹ́ ẹ tó rin ín.

Èmi fẹ́ràn kẹ́ ẹ ṣe é fúnra yín torí pé ó máa ń rọ̀ ju ti inú páálí lọ. Lítà 2 mílíìkì olọ́ràá máa fún yín ní bíi gíráàmù 300 sí 400.

1. Ẹ da mílíìkì sínú ìkòkò tí ìdí ẹ̀ nípọn, ẹ gbé e ka iná tí ò le jù, ẹ máa rò ó kó má baà jóná mọ́ ìdí.
2. Ẹ pò omi lẹ́mọ̀ tàbí fínígà ṣíbí ńlá 4 mọ́ omi lásán ṣíbí ńlá 4.
3. Tí mílíìkì bá ti hó tó ń ru sókè, ẹ pa iná. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan.
4. Ẹ máa ta omi kíkan yẹn sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ rọra máa rò ó. Ẹ máa rí i tó ń pínyà, ohun funfun á kóra jọ, omi ẹ̀ á wá mọ́, á ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Bí omi bá ti mọ́ báyìí, ẹ dúró síbẹ̀, kódà kí fínígà ṣì kù. Èyí tó bá pọ̀ jù ló ń jẹ́ kó le kó sì máa ṣe hóró-hóró.
5. Ẹ té aṣọ sórí ajere, ẹ gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀, ẹ dà á sí i. Aṣọ tẹ́ ẹ fi ń sẹ́ ògì gan-an ló dáa jù fún iṣẹ́ yìí, tó bá ṣáà ti mọ́ tí kò gba òórùn ògì sára.
6. Ẹ da omi tútù lé e lórí kí kíkan yẹn lè lọ, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbé omi tó ti sẹ́ tẹ́lẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀.
7. Ẹ so ẹnu aṣọ, ẹ fún un, ẹ wá fi kọ́ sórí kọ́ọ̀kù omi fún ìṣẹ́jú 30 sí 40.

Omi tẹ́ ẹ gbé kúrò yẹn, ẹ má dà á nù o! Purotéènì ṣì wà nínú ẹ̀. Òun lẹ máa fi po fláwà dípò omi lásán, paratha yín á sì rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún mílíìkì inú páálí tó ń lo ọ̀pọ̀ oṣù láìwọ fíríìjì. Iná tí wọ́n ti fi sè é tẹ́lẹ̀ ti le jù, ó máa ń dì lọ́nà kan ṣákálá, á rọ̀ jẹ̀jẹ̀, á tún mú omi dání. Mílíìkì oníyẹ̀fun tó jẹ́ full cream ṣe é dáadáa tẹ́ ẹ bá pò ó kó ki díẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe máa ń mu ún lọ. Mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá ẹ̀ tán, àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀rá lè lò ó, àmọ́ paneer ẹ̀ máa ń gbẹ, ẹ máa ní láti fi yógọ́ọ̀tì ṣíbí kan rọ inú ẹ̀.

## Fláwà pípò

1. Ẹ po atta, iyọ̀, ajwain àti òróró pọ̀ nínú abọ́.
2. Ẹ máa ta omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, atta yàtọ̀ síra wọn, òmíràn máa ń mu omi gan-an.
3. Ẹ fi ẹ̀yìn àtẹ́lẹwọ́ pò ó fún ìṣẹ́jú 6 sí 8 tí á fi dán.
4. Ẹ fi aṣọ tútù bò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó? Ẹ fi ìka méjì fún un, ẹ wá fi fún etí yín nísàlẹ̀, bó ṣe rí níbẹ̀ yẹn ló yẹ kí fláwà rọ̀ mọ. Tó bá le bí èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣe ṣínṣín, ó máa ya lójú ẹ̀gbẹ́. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ tí ò ṣeé já, omi ti pọ̀, ẹ wọ́n atta díẹ̀ sí i.

Ìṣẹ́jú 30 yẹn kì í ṣe fún ọ̀ṣọ́. Èèpo inú atta ń mu omi lásìkò yẹn, ó ń rọ̀, ìgbà tó bá rọ̀ ni kò ní gé fláwà. Àwọn tó ń kánjú, tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe pò ó tán ni wọ́n gbé igi, àwọn náà ló máa ń wá sọ pé paratha ò gbọ́ tiwọn.

## Inú ẹ̀

Ẹ fi ojú kékeré gírétà rin paneer. Ojú kékeré o, kì í ṣe ojú ńlá. Lẹ́yìn náà ẹ fi ẹ̀yìn àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ máa fà á síwájú títí tí kò fi ní sí hóró mọ́, torí hóró paneer kan tó tó ẹ̀wà ti tó láti lu fláwà yín. Ata náà, kẹ́ ẹ gé e títí á fi fẹ́ẹ̀ kúnná, ẹ yọ kóró ẹ̀ tí ò bá wù yín kó ta. Ewé coriander, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi táwẹ̀lì gbẹ omi ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ má sì lo igi ẹ̀, ewé nìkan.

Ẹ po gbogbo ẹ̀ pọ̀, iyọ̀ nìkan lẹ máa fi sílẹ̀.

Àyẹ̀wò rèé: ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un dáadáa, ẹ wá la ọwọ́. Tó bá dúró bí ẹ ṣe fún un tí àtẹ́lẹwọ́ yín sì gbẹ, ó ti tó. Tí omi bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ dá a padà sínú aṣọ kẹ́ ẹ tún fún un, tàbí kẹ́ ẹ dà á sínú páànù gbígbẹ lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 2, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù. Tó bá tú ká bíi pé kò mọra, ó ti gbẹ jù, ṣíbí tíì kan mílíìkì máa yanjú ẹ̀.

Ìkìlọ̀: ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dì í gan-an ni kẹ́ ẹ tó fi iyọ̀ sí i. Iyọ̀ máa ń fa omi jáde lára paneer, lára ata, lára ewé. Ẹ fi iyọ̀ sí i kẹ́ ẹ lọ gbé fóònù fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ padà wá wo ìdí abọ́. Àlùbọ́sà tún wá burú jù, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ dandan fún yín, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi iyọ̀ pa á, ẹ fún un gbẹ, kẹ́ ẹ tó dà á sí i, kẹ́ ẹ sì dín iyọ̀ tó kù kù.

## Dídì í àti títẹ́ ẹ

Ẹ pín fláwà sí 6, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á tó gíráàmù 70. Ẹ pín inú ẹ̀ náà sí 6, ẹ ká a roboto, bíi gíráàmù 45 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi aṣọ tútù bo àwọn fláwà tó ń dúró de ọwọ́ yín, kí ojú wọn má gbẹ.

1. Ẹ bọ fláwà kan sínú atta gbígbẹ, ẹ gbọn ìyókù dànù, ẹ tẹ́ ẹ kó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.
2. Ẹ fi ìka fún etí ẹ̀ yíká kó tín-ínrín, kẹ́ ẹ fi àárín sílẹ̀ kó nípọn. Èyí ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Àárín ni ìnira máa wọ̀, etí ló sì máa kóra jọ sójú kan tí á di kókó.
3. Ẹ gbé inú ẹ̀ sí àárín. Ẹ máa kó etí fláwà sókè, ẹ máa ṣẹ́ ẹ lé ara wọn díẹ̀díẹ̀ yíká, bẹ́ ẹ ṣe ń fún ẹnu àpò. Bẹ́ ẹ ṣe ń kó o jọ, ẹ máa fi àtàǹpàkò ọwọ́ kejì ti inú ẹ̀ sísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má bá a wọlé.
4. Ẹ lọ́ ẹnu ẹ̀, ẹ já èyí tó bá yọ sókè dànù, ẹ fi ọwọ́ tẹ ojú ibẹ̀ kó dọ́gba.
5. Ẹ dojú ẹnu yẹn délẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ lè máa dì ìkejì lọ.
6. Ẹ fi ìka mẹ́ta tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí, kí inú ẹ̀ lè rìn dé ẹ̀gbẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé igi.
7. Ẹ wá gbé igi. Ọwọ́ fífúyẹ́ ni. Etí lẹ máa tẹ́ jù, ẹ máa yí paratha náà ká díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí igi bá ti lọ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ti fẹ̀ tó ìnṣì 6 tàbí 7, ẹ gbé igi sílẹ̀. Ẹ má fi dandan mú un pé kó fẹ̀ tó àwo.

Tẹ́ ẹ bá rí i tójú ibì kan ń mọ́ tí paneer ń fẹ́ yọjú, ẹ wọ́n atta díẹ̀ síbẹ̀, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, ẹ má tún fi igi kan ibẹ̀ mọ́. Tó bá ti là gan-an, ẹ gé fláwà pélébé kan ká a lé e lórí. Á jẹ́ tiyín, kò sẹ́ni tó ń bá yín dupò.

Tí gbogbo èyí bá le fún yín, ọ̀nà méjì míì wà:

- Oníméjì: ẹ tẹ́ fláwà kékeré méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tẹ́ paneer sórí ọ̀kan, ẹ fi omi kun etí ẹ̀, ẹ gbé ìkejì lé e, ẹ tẹ etí pọ̀, ẹ fi igi lọ lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Àmọ́ ẹ dín fláwà kọ̀ọ̀kan kù sí gíráàmù 35, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fláwà á pọ̀ ju paneer lọ.
- Onílàjì: ẹ tẹ́ fláwà kan, ẹ fi inú ẹ̀ sí apá kan, ẹ ká ìkejì bò ó bíi míìtì páì, ẹ tẹ etí. Kò nílò igi mọ́ rárá. Èyí ló wù mí jù fún àwọn ọmọ tó ń gbé e lọ síléèwé, ó rọrùn láti fi ọwọ́ mú.

Ẹni tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú onílàjì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

## Yíyan ẹ̀

1. Ẹ gbé páànù ka iná, kó gbóná dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan lé e. Ẹ ta omi sí i, tí omi bá fò tó sì gbẹ lójú ẹsẹ̀, ó ti tó. Iná ẹ̀ kì í ṣe kékeré, kì í ṣe ńlá, ó fi díẹ̀ ju àárín lọ.
2. Ẹ gbọn atta ara paratha dànù, ẹ gbé e sí i láìsí òróró kankan.
3. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 40, ojú ẹ̀ á yí àwọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wú kókó kéékèèké. Ẹ yí i padà.
4. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun òróró díẹ̀ sí i lójú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1, ẹ yí i padà, ẹ kun ojú kejì.
5. Ẹ ká táwẹ̀lì kékeré, ẹ fi máa tẹ̀ ẹ́ jẹ̀jẹ̀, pàápàá etí ẹ̀, torí ibẹ̀ ni kì í tètè jinná. Ó lè wú sókè, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín, tó bá fọ́ lójijì, ooru inú ẹ̀ máa ń jó èèyàn gan-an.
6. Tójú méjèèjì bá ti ní àmì pupa rúsúrúsú, ẹ gbé e kúrò. Gbogbo ẹ̀ ò ju bí ìṣẹ́jú 3 lọ.

Ẹ gbé e sínú abọ́ tẹ́ ẹ té aṣọ sí, ẹ ká aṣọ bò ó. Tẹ́ ẹ bá kó o lé àwo lásán, ooru ẹ̀ á di omi sábẹ́, ìsàlẹ̀ á rẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá sì bò ó rárá, á gan.

Láàárín ọ̀kan sí ìkejì, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu páànù. Atta tó ti jóná síbẹ̀ máa ń dúdú, á lẹ̀ mọ́ èyí tó ń bọ̀, á sì korò.

## Ibi tó ti máa ń bàjẹ́

- Ó le, ó gan: iná kéré. Àwọn kan rò pé iná kékeré ló ń jẹ́ kó jinná dénú, àṣé gbogbo omi ara ẹ̀ ló ń gbẹ lọ lórí iná pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ yẹn. Paneer kúkú ti jinná tẹ́lẹ̀, fláwà nìkan lẹ ń yan.
- Àárín tutù, ẹ̀yìn jóná: iná pọ̀ jù, tàbí paneer inú fíríìjì lẹ lò láìjẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́.
- Fláwà pọ̀ lápá kan, paneer ò dé etí: ẹ fo ìgbésẹ̀ kẹfà, ẹ ò fi ìka tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé igi.
- Ó mu òróró: ẹ da òróró sí i kí ojú rẹ̀ tó gbẹ. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yan gbẹ lójú méjèèjì.
- Ó ń lẹ̀ mọ́ tábìlì: ẹnu tẹ́ ẹ lọ́ yẹn ló wà nísàlẹ̀ tí ọ̀rinrin ń jáde níbẹ̀. Atta díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì máa yí i kiri.

## Tẹ́ ẹ ò bá rí paneer

Ẹ má wò jìnnà. Wàrà táwọn ìyá Fúlàní ń gbé kiri lọ́jà wa, àti wàgàsì táwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń jẹ, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n lè ṣe níbí, torí méjèèjì ò ní yọ́ lórí iná bíi ṣíìsì òyìnbó. Ewé bomubomu ni wọ́n fi ń mú wàrà dì dípò fínígà. Ìyàtọ̀ tó kàn yín ni pé wàrà ń gbé inú omi, ó mu omi yó. Torí náà:

1. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi oníyọ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má fò èyí o, gbangba ni wọ́n ti ń tà á, ẹ ò mọ iye ọwọ́ tó ti kàn án.
2. Ẹ wé e sínú aṣọ, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e, ìkòkò tó kún fún omi tó, fún wákàtí 1 ó kéré tán.
3. Ẹ rin ín, ẹ fún un, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀kúnwọ́ tá a ṣe lẹ́ẹ̀kan.
4. Ẹ dín iyọ̀ kù torí ti inú omi tẹ́ ẹ fi bọ̀ ọ́.

Wàrà díndín ò dáa fún èyí, ó ti mu òróró, ara ẹ̀ sì ti le.

Àwọn tí mílíìkì ò bá lára mu lè lo wàrà sóyà, bákan náà ni kẹ́ ẹ ṣe fún omi ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ata àti cumin kún un torí ó máa ń tẹ́ lẹ́nu. Ewé coriander ńkọ́? Efinrin lè rọ́pò ẹ̀ àmọ́ ewé mẹ́rin péré, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ efinrin nìkan lẹ máa jẹ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí paneer díẹ̀ tó yín lò, ẹ fi nǹkan míì kún un: kárọ́ọ̀tì rínrin, kabeeji, tàbí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tẹ́ ẹ ti bọ̀ tẹ́ ẹ sì ti fún gbẹ. Ẹ má jẹ́ kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta inú ẹ̀ lọ.

## Ṣé ó ṣara lóore lóòótọ́?

Ó wà lọ́wọ́ yín. Nínú gíráàmù 100 paneer, purotéènì máa ń tó bíi gíráàmù 18 sí 20, àmọ́ ọ̀rá náà wà níbẹ̀, ó lè ju 20 lọ tó bá jẹ́ mílíìkì olọ́ràá. Nígbà tí mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ bá a ṣe ṣe é yìí, ẹyọ kan ń sún mọ́ kálórì 300. Torí náà ẹyọ kan ni ìpanu. Méjì ti di oúnjẹ àárọ̀ nìyẹn, ẹ má wá jẹ méjì tán kẹ́ ẹ tún wá ìrẹsì lọ.

Ohun tó sábà máa ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ ni nǹkan tá a fi ń jẹ ẹ́. Achar, ìyẹn máńgòrò tútù tàbí ewébẹ̀ tí wọ́n fi ata, iyọ̀ àti òróró pamọ́, dùn, àmọ́ iyọ̀ àti òróró ló fi dúró, ṣíbí tíì kan tó. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá. Yógọ́ọ̀tì tí ò ní ṣúgà ló dáa jù, kẹ́ ẹ rin kùkúńbà sí i, kẹ́ ẹ wọ́n cumin díẹ̀ sórí ẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ìlàjì paratha pẹ̀lú sàláàdì rẹpẹtẹ ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó wo bí ṣúgà ẹ̀ ṣe ń lọ, kó sì bá dókítà ẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tí wheat kì í bá lára mu, paratha yìí kì í ṣe tiyín rárá.

## Fífi pamọ́

- Fláwà pípò: ọjọ́ 1 nínú fíríìjì, kẹ́ ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lára. Ẹ gbé e síta fún ìṣẹ́jú 20 kẹ́ ẹ tó lò ó.
- Paneer tẹ́ ẹ ṣe nílé: ọjọ́ 2 sí 3 nínú fíríìjì. Tó bá ti ń yọ̀ tàbí tó ń rùn kíkan, ẹ dà á nù.
- Inú tẹ́ ẹ ti fi iyọ̀ sí: ẹ lò ó tán lójú ẹsẹ̀.
- Paratha fún fírísà: ẹ yan án dé ìlàjì láìsí òróró, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi pépà sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kó o sínú náílọ́ọ̀nù. Á lo oṣù 1. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, tààrà láti fírísà sórí páànù gbígbóná ni, ẹ má jẹ́ kó yọ́ kalẹ̀ kó tó débẹ̀, torí á rẹ̀.

Fún oúnjẹ iléèwé, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé e sínú kúlà, ẹ gé e sí mẹ́rin, ẹ fi yógọ́ọ̀tì sínú ike tiẹ̀ lọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀sán gangan lọmọ máa tó jẹ ẹ́ tí ibẹ̀ sì gbóná, ẹ fi áìsì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ yógọ́ọ̀tì yẹn, tàbí kẹ́ ẹ kúkú fi yógọ́ọ̀tì sílẹ̀ nílé.